Orúkọ Ta Ni Kó Wà Lókè?

Ilé búrẹ́dì Gbọ́lágadé wà ní Festac, lẹ́bàá Sẹ́kọ́ńdì Áfẹ́nù, níbi tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná ti máa ń jí àwọn aládùúgbò kí fóònù wọn tó dún. Ọ̀gá Gbọ́lágadé fúnra rẹ̀ kì í po ìyẹ̀fun mọ́. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kó máa rìn yípo, kó sì máa sọ fún àlejò pé, "Kọ̀ǹpútà ló ń sọ iye tí a máa ṣe fún wa." Ó ti sọ ọ́ nípàdé àwọn onílé, ó ti sọ ọ́ nílé onígbàjámọ̀, ó sì ti sọ ọ́ fún dókítà tó ń tọ́jú eyín rẹ̀, tòun ti òwú lẹ́nu.

Ilé ìtajà mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan wà ní Sátẹ́láìtì Town, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ tánkà ti ń gbé epo. Bàbá Ògúndípẹ̀ ló ń bójú tó o. Èkejì wà ní Mazamaza, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Badagry ti ń ra búrẹ́dì dání. Yẹ̀kínì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta wà nínú Raji Rasaki Estate, lọ́wọ́ Sìlífátù. Kí kọ̀ǹpútà yìí tó dé, iye kan náà ni Ọ̀gá ń fi ránṣẹ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójoojúmọ́, torí ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń ṣojúsàájú. Ìpín dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn oníbàárà ò dọ́gba. Ní Raji Rasaki, búrẹ́dì a máa ṣẹ́kù láàrin ọ̀sẹ̀, tó bá wá di Sátidé, kò ní í tó. Èyí tó ń ṣẹ́kù ni Ọ̀gá ń rí. Èyí tí kò tó, ta ló máa rí i? Ó ní òun á ti ibẹ̀ pa, kí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Mazamaza.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Sìlífátù ti lò nídìí kọ́ńtà yẹn. Ó mọ ilé tó ń fẹ́ kí wọ́n bá wọn gé e, ó mọ ilé tí wọn kì í jẹ èyí tó bá pọ́n jù, ó sì mọ ọkùnrin tó máa ń ra méjì, tó máa jẹ ọ̀kan tán lórí àtẹ̀gùn kó tó wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tì í, kò síbòmíràn tí wọ́n máa gbé e sí. Yẹ̀kínì ò nílò igbákejì.

Ìyìn ló bá a bẹ̀bẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, Festac ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì, Ọ̀gá sì gbà á pé kó wá máa tẹ lẹ́tà. Àárín lẹ́tà sí lẹ́tà ló ti fi oṣù mẹ́rin kọ́ ohun tó pè ní módẹ́ẹ̀lì.

Módẹ́ẹ̀lì yìí dà bí olùkọ́ kan tó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Ó ti ka ìwé ọjà ọdún méjì ti ilé ìtajà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó bá rí kọ́ lára ọ̀kan, bíi pé òjò ń dín ọjà kù tàbí pé ìparí oṣù ń mú un gbòòrò, ó ń lò ó fún àwọn yòókù. Síbẹ̀ ó mọ ìwà kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀kọ́ ti parí. Ohun tó kù ni pé ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Ìyìn á kó ojú ìwé mẹ́ta fún un, ẹyọ kan fún ilé ìtajà kan: ọjọ́ wo lọ̀la, ṣé òjò á rọ̀, ṣé àwọn ọmọ wà níléèwé àbí wọ́n wà ní họlidé, ṣé tánkà á gbé epo. Módẹ́ẹ̀lì á sì dá iye búrẹ́dì mẹ́ta padà fún ọ̀la.

Ìyìn ò fẹ́ kí wọ́n pè é ní àsọtẹ́lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, àsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń da búrẹ́dì láàmú. "Ìfojúdíwọ̀n ni," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn apòyẹ̀fun ò gbọ́. Wòlíì ni wọ́n ń pè é. "Wòlíì, kí ni Ẹ̀mí wí nípa ọ̀la? Ṣé ká dá iná sí i àbí ká lọ sùn?"

Ọ̀gá fún un ní ọjọ́ mẹ́fà kó fi módẹ́ẹ̀lì náà pín búrẹ́dì, láti ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta. Ó ní, "Bí èyí tó bá ṣẹ́kù ní Raji Rasaki láàrin ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò bá ju ọgọ́ta lọ, Sìlífátù á dúró. Bó bá fi lé ẹyọ kan péré, mo ti tì í nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má wá fi omijé dà mí láàmú."

Lọ́jọ́ Ajé, búrẹ́dì mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù. Sìlífátù fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù: "Ìyìn, Ọlọ́run á fún ẹ lọ́kọ tí kì í yan búrẹ́dì ní àpọ̀jù!" Ìyìn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún fi sétí akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí kò béèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàbá Ògúndípẹ̀ wá dúró níwájú ògiri ilé búrẹ́dì, níbi tí wọ́n lẹ ìwé iye búrẹ́dì ilé ìtajà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, bírò mẹ́ta ló máa ń wà nínú àpò àyà rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, dúdú àti pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbuwọ́lùwé nìkan ló ń fi wọ́n ṣe. Ó wo ìwé náà títí.

"Wòlíì, ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàsán, sà."

"Bá mi ka orúkọ tó wà lókè."

"Raji Rasaki, Àǹtí Sìlífátù."

"Èyí tó tẹ̀lé e?"

"Mazamaza, Bọ̀dá Yẹ̀kínì."

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yìí ńkọ́, èyí tí sẹ́lótéèpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò lójú?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi ni!" Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, bíi pé ìwé náà lè ti ronú pìwà dà kó tó wọ̀ ọ́ tán. "Sìlífátù tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di lọ́ọ̀fù sínú ọ̀rá. Ọdún méjì gbáko ló fi wà lábẹ́ mi ní Sátẹ́láìtì. Òun ló wá di orí, tí èmi di ìrù?"

"Sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò. Bí ìwé ọjà yín ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ṣe tò ó. Àǹtí Sìlí ló kọ́kọ́ kó tiwọn wá, ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn..."

"Mo kẹ́yìn torí àgbà kì í sáré kówèé. Jẹ́ kí n bi ẹ́: tí wọ́n bá ń kọ orúkọ àwọn ọmọ olóògbé sára pósítà, ṣé àbígbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ṣáájú?"

Ìyìn rò ó. "Àkọ́bí ni, sà."

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n!"

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Ọ̀gá, tó kéré sí Bàbá Ògúndípẹ̀ lọ́jọ́ orí, tó sì ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má lọ sọ pé ipò ti gun òun, sọ pé, "Ìyìn, tò ó bó ṣe yẹ. Kí ló wà níbẹ̀? Ọ̀wọ̀ ni, kò ná wa ní nǹkan kan."

Ìyìn tún un tò. Kò pẹ́ rárá: ó fa ojú ìwé Sátẹ́láìtì wá síwájú, ó ti Raji Rasaki sẹ́yìn, Mazamaza dúró láàrin bó ṣe wà. Aago mẹ́fà ti fẹ́ lù, àwọn akọrin ń dúró dè é, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti bọ̀wọ̀ fún àgbà láìjanpata.

Àṣìṣe ibẹ̀ rèé. Orí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ló yẹ kó ti tún orúkọ tò, lẹ́yìn tí iye bá ti jáde. Ẹnu ọ̀nà módẹ́ẹ̀lì ló ti tún un tò, kí iye tó jáde. Módẹ́ẹ̀lì ò mọ Sìlífátù, kò mọ Ògúndípẹ̀, kì í tiẹ̀ ka orúkọ. Ìjókòó ló mọ̀. Ẹni tó bá jókòó sípò kìíní, ìwà Raji Rasaki ló máa fi díwọ̀n fún un. Ẹni tó bá wà nípò kẹta, ìwà Sátẹ́láìtì. Bàbá ti gba ìjókòó Sìlífátù, ó sì ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ìyìn mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, ìka rẹ̀ ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn mọ̀ jù ni kì í tún yẹ̀ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́. Ọkọ̀ gbé àádọ́jọ lọ sí Sátẹ́láìtì, ó sì gbé ọgọ́sàn-án lọ sí Raji Rasaki. Kó tó di aago mẹ́jọ, búrẹ́dì Bàbá Ògúndípẹ̀ ti tán. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó gbé àga síta, ó pe Ọ̀gá lórí fóònù: "Ọ̀gá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo ti tà á tán. Látìgbà tí wọ́n ti gbé orúkọ mi sókè ni nǹkan ti yí padà." Ọ̀gá ní òun máa fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn tó kù. Bàbá ò sọ pé àwọn awakọ̀ tánkà ṣì ń bọ̀, àti pé òun ti ń dá wọn padà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bú u: "Bàbá, ṣé búrẹ́dì ìṣeré ni ẹ ń tà ni, tó fi ń tán bẹ́ẹ̀?" Bàbá gbé e mì. Ẹni tí wọ́n pè ní àwòkọ́ṣe ní aago mẹ́jọ ò lè di ẹni tí ọjà ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án.

Ní Raji Rasaki, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ṣẹ́kù. Sìlífátù pe Ìyìn.

"Àbúrò mi, ó pọ̀ jù o. Ní Túsìdeè, àwọn èèyàn mi kì í jẹ tó yẹn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ohun tí ojú wa ò rí ni módẹ́ẹ̀lì ń wò."

"Ó dáa. Ìwọ lo kàwé."

Ọjọ́rú, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ṣẹ́kù. Ti Mazamaza, méjì péré. Yẹ̀kínì wá ń yan kiri ilé búrẹ́dì pé òun ò lọ sókè, òun ò lọ sísàlẹ̀, àárín lòun wà, ara sì tu òun. Òótọ́ ló sọ ju bó ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fetí sí i. Mẹ́ta ti Ajé, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti Ìṣẹ́gun, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti Ọjọ́rú: márùndínláàádọ́rin. Ó ti ju ọgọ́ta lọ. Ọ̀gá ní kí gbogbo wọn wá bá òun ní aago mẹ́rin ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Ìyìn wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Raji Rasaki pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú báàgì. Búrẹ́dì ga lẹ́yìn Sìlífátù bí ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Sìlí."

"Káàárọ̀, Wòlíì mi. Ṣé o wá sìnkú mi ni?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ìyókù ọ̀sẹ̀ ni mo wá fi hàn yín." Ó tẹ́ ìwé sórí kọ́ńtà. "Ẹ wò ó, nǹkan á rọjú. Lọ́la, ọgọ́fà ni wọ́n máa gbé wá. Ní Sátidé, àádọ́rùn-ún péré. Mo fẹ́ bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n fara dà á títí dìgbà yẹn."

Sìlífátù wo ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Àádọ́rùn-ún ní Sátidé? Níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyìn. Ní Sátidé, ilé Adéyọ̀sọ́lá nìkan á ra mẹ́fà. Gbogbo àwọn tó ń sáré jáde ní aago márùn-ún ìdájí láàrin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń rí ọmọ wọn jẹun. Wọ́n á tò débi géètì yẹn. Àádọ́rùn-ún á ti tán kí n tó gbá ilẹ̀." Ó fa ìwé náà sún mọ́ra, ó fi ìka tọ̀ ọ́. "Túsìdeè, ó pọ̀. Wẹ́sìdeè, ó pọ̀. Òní, ó pọ̀. Fúráìdeè, ó rọlẹ̀. Sátidé, ó kú." Ó tún fi ìka tọ̀ ọ́ padà. "Èmi kọ́ lèyí. Mo mọ ẹni yìí."

"Ta ni, mà?"

"Tánkà ni. Ọjọ́ tí tánkà bá ń gbé epo, búrẹ́dì á máa fò lọ́wọ́ ẹ. Ọjọ́ tí tánkà bá sùn, búrẹ́dì náà á sùn. Ọdún méjì ni mo fi tà á fún wọn lábẹ́ Bàbá Ògúndípẹ̀, kò sí bí mi ò ṣe ní í dá a mọ̀. Orúkọ mi lo kọ síbí, ṣùgbọ́n Sátẹ́láìtì ni."

Ìyìn ṣí kọ̀ǹpútà. Ó wo ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ bo ẹnu rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti gbé Bàbá Ògúndípẹ̀ jókòó sórí àga yín."

"Àga mi? Pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tóbi tó yẹn?"

Ìyìn ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé ìjókòó, ó ṣàlàyé àṣìṣe, ó ń yára sọ̀rọ̀ bíi pé bó bá tètè sọ ọ́ tán, ó máa kéré. Sìlífátù ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní, "Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo pè ẹ́."

"Ẹ pè mí, mà."

"O ní ohun tí ojú wa ò rí ni módẹ́ẹ̀lì ń wò."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ojú mi rí i." Ó ká ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun Ìyìn. "Gbé báàgì ẹ, ká lọ. Kí ìwọ sì sọ ọ́ fún wọn fúnra ẹ."

Nígbà tó di aago mẹ́rin, gbogbo wọn ti wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá. Bàbá Ògúndípẹ̀ jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀gá kọ márùndínláàádọ́rin sára pátákó, ó sì fi ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ìyìn kúnlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Àǹtí Sìlí. Nígbà tí mo ń tún orúkọ tò, mo pààrọ̀ ìjókòó wọn nínú kọ̀ǹpútà. Iye Bàbá ni mò ń fún Àǹtí Sìlí láti Túsìdeè, iye Àǹtí Sìlí ni mò ń fún Bàbá."

Ojú Ọ̀gá fà ro. Ó rántí àwọn onílé. Ó rántí dókítà eléyín. "Ìyìn, mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣàṣìṣe."

"Ẹ̀rọ ò ṣàṣìṣe, sà. Èmi ni mo ṣe é."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe àánú Sìlífátù ló ń ṣe ẹ́?"

"Ó rọrùn, sà. Bó bá jẹ́ bí mo ṣe wí ni, búrẹ́dì ò ní í tó ní Sátẹ́láìtì láti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ bi Bàbá."

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá Ògúndípẹ̀. Bàbá fọwọ́ kan bírò àpò rẹ̀, búlúù, dúdú, pupa. Gbogbo àwọn awakọ̀ tó dá padà ló rántí. Ó sì rántí àwòkọ́ṣe.

"Èmi? Mo tà tán ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn tà tán?"

"Ó tó yín nígbà náà, sà?" Ọ̀gá bi í.

"Mo ní mo tà tán."

Yẹ̀kínì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo òrùlé. Ìyìn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀gá gbé bírò pátákó, ó fẹ́ kọ nǹkan mìíràn sábẹ́ iye náà. Sìlífátù tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀gá, kí ẹ tó kọ ọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà ò kúkú purọ́. Lọ́jọ́ tọ́jà ń gbóná jù láàrin ọ̀sẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọgọ́sàn-án fún mi, ó ní àádọ́jọ tó Bàbá. Bí ẹ bá fẹ́ tì mí, ẹ tì mí. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ilé iṣẹ́ yìí pé ọdún tí mo kúrò, ilé ìtajà mi ló tóbi ju ti Bàbá Ògúndípẹ̀ lọ. Kí àwọn ọmọ mi rí i kà."

Bàbá yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù.

"Kí lo wí?" ni Bàbá.

"Mo ní tèmi tóbi ju tiyín lọ, sà. Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Tìẹ! Raji Rasaki! Níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì bíi kéèkì!" Bàbá ti dìde. "Ọgọ́sàn-án wo ni tìẹ? Tèmi ni! Ta ló lè ta ọgọ́sàn-án ní Túsìdeè bí kì í bá ṣe èmi? Ṣé o mọ iye awakọ̀ tí mo dá padà lọ́jọ́ náà? Ó ju ọgbọ̀n lọ! Ẹni kan bú mi lójú ọjà pé búrẹ́dì ìṣeré ni mò ń tà! Láàárọ̀ yìí, kí n tó jẹun, ó ti tán! Àádọ́jọ, ṣé ó lè tó mi?" Ó wo Ọ̀gá. "Kò tó mi rárá!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Bàbá gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Ó wo Sìlífátù, Sìlífátù sì ń wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tìwàpẹ̀lẹ́ tìwàpẹ̀lẹ́. Bàbá rọra jókòó padà. Ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n jẹ nídìí ayò tó sì gbà pé ayò náà dára.

"Ó tì, kò tó mi," ó tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ, Ọ̀gá. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti Túsìdeè."

Ọ̀gá ní kí Ìyìn dìde, kó dá kálukú padà sí ìjókòó rẹ̀, kó sì tún ọjọ́ méjèèjì béèrè lọ́wọ́ módẹ́ẹ̀lì lójú gbogbo wọn. Ìyìn ṣe é, ó sì tún béèrè ti Sátidé pẹ̀lú. Fún Raji Rasaki, ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àádọ́jọ. Sìlífátù ṣí ìwé ọjà rẹ̀. Àádọ́jọ lé ọ̀kan ló tà. Ọjọ́rú: àádọ́jọ lé méjì. Àádọ́jọ dín ọ̀kan ló tà.

"Ẹyọ mẹ́ta péré ni ì bá ṣẹ́kù lánàá," Yẹ̀kínì wí. Kò sẹ́ni tó bi í, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́.

Ọ̀gá nu márùndínláàádọ́rin kúrò lára pátákó. Ó ní, "Mo ti fura tẹ́lẹ̀." Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó láti má sọ. "Sìlífátù, ìwọ dúró. Wọn ò ní í tì ọ́. Ìyìn, báwo lo ṣe fẹ́ ṣe orúkọ wọn báyìí?"

"Lára ògiri, Bàbá á wà lókè, sà. Nínú kọ̀ǹpútà, kálukú á jókòó sáyè rẹ̀. Mo sì máa kọ orúkọ sára àga kọ̀ọ̀kan, kó lè kọ̀ fún mi bí mo bá tún ṣì í gbé."

Sìlífátù ò pariwo, kò yin Ọlọ́run sókè. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó tún tú u, bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ìyìn wá dúró tì í. Ó ní, "Àǹtí, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún pè mí pé ó pọ̀ jù, màá gbé báàgì mi wá kí n tó dáhùn." Sìlífátù fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un.

"Sìlífátù," Bàbá Ògúndípẹ̀ ló ń pè é látẹnu ọ̀nà, ó ti dé fìlà. "Mélòó ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ báyìí?"

"Ó ju ogójì lọ, sà. Díẹ̀ ṣì máa tà ní ìrọ̀lẹ́. Ọgbọ̀n ni mo rò pé yóò ṣẹ́kù."

"Tèmi ni ọgbọ̀n yẹn. Àwọn èèyàn mi ń gbé epo títí ilẹ̀ á fi ṣú lónìí. Yẹ̀kínì, gbé ọkọ̀."

Àwọn mẹ́ta ló wà níwájú ọkọ̀ búrẹ́dì, Sìlífátù há sáàrin. Wọ́n dé Raji Rasaki, wọ́n kó ọgbọ̀n sínú ọkọ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ kà á, ó sì bu ọwọ́ lùwé fún un, ó fi bírò pupa. Bí Yẹ̀kínì ṣe fẹ́ gbéra, Bàbá ò tíì wọlé. Ó dúró tì fèrèsé ọkọ̀, ó ń wo ilé ìtajà kékeré náà, Sìlífátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"O mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀rọ̀ yẹn ni."

"Ọ̀rọ̀ wo, sà?"

"Pé tìẹ tóbi ju tèmi lọ."

"Bàbá, ta ni mo jẹ́?"

Yẹ̀kínì fi orí lé sítíárín, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ò bínú. Ó tún wo ilé ìtajà náà, ó wo títì ẹ́síteètì títí dé géètì.

"Èyí tí kọ̀ǹpútà sọ nípa Sátidé, lẹ́yìn tó ti to kálukú sáyè. Mélòó ló ní kí wọ́n gbé wá fún ẹ?"

"Òjìlénígba, sà."

"Igba ó lé ogójì. Níbí."

"Níbí, sà. Wọ́n ń tò débi géètì. Ọwọ́ kan kì í ká a. Nígbà míràn, kí wọ́n má bàa pẹ́ jù, wọ́n á lọ ra ti ẹlòmíràn."

Bàbá Ògúndípẹ̀ gbé ọwọ́ lé fèrèsé ọkọ̀. Ní Sátidé, ní Sátẹ́láìtì, tánkà máa ń sùn. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ló máa ń jókòó síta nìkan níwájú búrẹ́dì tí kò rìn, tí á máa kí àwọn tí kò fẹ́ ra nǹkan kan, tí á sì máa ka ọkọ̀ tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó má bàa sùn lọ. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ó yẹ kí àgbà kan wà níbẹ̀ tí á tò wọ́n," ó sọ níkẹyìn. "Èrò tó pọ̀ tóyẹn, láìsí àgbà, ìjà ni wọ́n máa jà."

"Ìjà ni wọ́n máa ń jà, sà," Sìlífátù wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jà rí.

"Hmm." Ó wọ inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. "Aago mélòó lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn ní Sátidé?"